Ọmọ mi fẹ́ ṣe AP Biology ní háískúùlù: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé mi dé. Ọmọ mi obìnrin máa parí kíláàsì kẹwàá lóṣù tó ń bọ̀, ilé ìwé sì ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé ká yan àwọn iṣẹ́ tó máa ṣe lọ́dún tuntun. Ó ti ṣe báyọ́lọ́jì ní kíláàsì kẹsàn-án, kẹ́mísírì ló ń ṣe lọ́wọ́, ó sì ń gbìyànjú gan-an: A ló ń gbà jù, B kì í pọ̀. Ó ní AP Biology lòun fẹ́ mú, ìyẹn báyọ́lọ́jì ti yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní háískúùlù. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i, nítorí láti kékeré lọmọ yìí ti ń sọ pé iṣẹ́ dókítà lòun máa ṣe.

Èmi ni ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Báyọ́lọ́jì tí àwa ṣe fún WAEC nílé, mo mọ bá a ṣe kà á: a yàwòrán, a kọ orúkọ sí i, a kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Ṣùgbọ́n mo ṣí ìwé AP tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń lò, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ojú ewé. Ọmọ tèmi yìí tún ń sáré ìje fún ilé ìwé, ó wà nínú kọáyà ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fẹ́ gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kíláàsì kọkànlá ló dáa kó ti ṣe é, àbí kó dúró di kejìlá? Ṣé òótọ́ ni pé ó ń dín owó yunifásítì kù, pàápàá fún ọmọ tó fẹ́ ṣe ìṣègùn? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń ka irú ìwé yìí gan-an? Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti là á kọjá, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, ẹ là mí lóye.

Tíṣà Láàbù, Texas

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ òbí o. AP Biology ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí látinú kíláàsì.

College Board, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò náà, ló ni ètò AP, ọwọ́ wọn ló sì wà láti ọdún 1955. Iṣẹ́ ọdún kìíní yunifásítì ni, àmọ́ háískúùlù lọmọ ti ń ṣe é. Oṣù Karùn-ún ni ìdánwò rẹ̀, Oṣù Keje ni èsì ń jáde, máàkì sì ń lọ láti 1 dé 5. Ohun tí College Board ní kí ọmọ ti ṣe kó tó wọlé ni báyọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì ti háískúùlù. Ọmọ yín ti ní méjèèjì, kíláàsì kọkànlá ò yá jù fún un. Òbí ọmọ tó bá fẹ́ wọlé láìṣe kẹ́mísírì ni mo máa ń pè, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ nípa omi, hydrogen bond, pH àti bí carbon ṣe ń so mọ́ nǹkan mìíràn, a kì í sì í ráyè padà sẹ́yìn.

Orí mẹ́jọ ló wà nínú iṣẹ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ́mísírì ohun abẹ̀mí, ó kan sẹ́ẹ̀lì, ó kan agbára nínú sẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń pín sí méjì, àjogúnbá, bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, natural selection (bí èyí tó bá àyíká rẹ̀ mu ṣe ń yè, tó sì ń bímọ), kó tó wá parí sórí ohun abẹ̀mí àti àyíká wọn. Wọn ò pín máàkì wọn dọ́gba o. Natural selection nìkan ń kó 13 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí àjogúnbá àti kẹ́mísírì ohun abẹ̀mí ń kó 8 sí 11 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn ọmọ ń làágùn jù ni orí kẹta, ìyẹn photosynthesis (bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ) àti bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yọ agbára láti inú oúnjẹ, àti orí kẹfà, bí ohun tó wà nínú DNA ṣe ń di pùrótéènì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kó 12 sí 16. Tọ́mọ bá ráyè díẹ̀ nínú họ́lídè, orí méjì yìí ni kó fojú bà.

Ẹ mẹ́nu ba WAEC, mo sì fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí wa ti ń darí ọmọ síbi tí ò yẹ, pẹ̀lú ìfẹ́ ni o. A ó ní kọ́mọ lọ kọ́ ìwé sórí. Kò sẹ́ni tó máa gbé òdòdó hibiscus sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pé kó yà á, kó sì tọ́ka sí ẹ̀yà ara rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún iṣẹ́ náà tò fún sáà 2012 sí 2013 ni wọ́n ti dín orúkọ àti àlàyé tí ọmọ máa há sórí kù. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọmọ lè wo ohun tí ẹnìkan ṣe ní láàbù, kó ka gíráàfù rẹ̀, kó sì sọ ohun tó túmọ̀ sí àti ohun tí kò túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. A máa ń gé pòtétò sí wẹ́wẹ́, gígùn kan náà, a wọn ìwúwo wọn, a sọ wọ́n sínú ife tí omi ṣúgà wà nínú wọn. Ife kìíní, omi lásán. Èyí tó tẹ̀ lé e ní ṣúgà díẹ̀, ó ń ga sí i bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tó dùn jù. Ó di ọjọ́ kejì ká tó yọ wọ́n. Èyí tó wà nínú omi lásán á ti le, ó wúwo ju ti àná lọ, tó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó máa dá ni. Èyí tó wà nínú ṣúgà tó nípọn á ti rọ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, tó o bá fi ìka méjì gbé e, á tẹ̀ wálẹ̀ níhà méjèèjì. Omi ti kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo ọmọ ló ń rí ìyẹn. Ìbéèrè tó wá ń bọ̀ ni pé: kí ló dé tá a fi ń ṣírò ìyípadà ìwúwo ní ìdá ọgọ́rùn-ún dípò gíráàmù? Nítorí pé pòtétò wọ̀nyẹn ò wúwo bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tá a bá fi gíráàmù lásán wé wọn, a ti rẹ́ ara wa jẹ. Níbo ni ìlà gíráàfù náà ti gba ojú òdo kọjá? Ibẹ̀ ni omi tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ti bá ara wọn dọ́gba. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ìyẹn lẹ́nu ara rẹ̀ ti mọ osmosis. Ẹni tó kàn lè ka ìtumọ̀ osmosis láìwo ìwé lè pàdánù gbogbo máàkì ìbéèrè yẹn.

College Board ní kí ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò kíláàsì jẹ́ ti láàbù. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ bi ilé ìwé léèrè bóyá àwọn ọmọ máa ń fọwọ́ ara wọn ṣe é, àbí fídíò ni wọ́n ń fi hàn wọ́n. Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ìwé ṣe nípọn lọ.

Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, New Jersey

Tíṣà ti sọ ti kíláàsì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé. Ìyá Ìbejì, kì í ṣe AP Biology nìkan lẹ máa bi ara yín, ẹ wo ohun tó kù lórí fọ́ọ̀mù yẹn. Nígbà tí ọmọ mi ṣe é, ó tún mú AP ti ìtàn Amẹ́ríkà àti ti ìṣirò papọ̀ mọ́ ọn lọ́dún kan náà, torí pé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ń ṣiṣẹ́ òru nígbà yẹn. Mo máa ń wọlé láàárọ̀ kí n bá ìmọ́lẹ̀ ní yàrá rẹ̀, kó sùn sórí tábìlì. Ní Oṣù Kejì la jókòó, èmi àti bàbá rẹ̀ àti olùgbaninímọ̀ràn ilé ìwé rẹ̀, a sì yọ ọ̀kan kúrò. Látìgbà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín padà, báyọ́lọ́jì rẹ̀ náà sì gòkè.

Ọmọ tó ń sáré ìje, tó tún ń kọrin, AP kan tàbí méjì tó o lọ́dún kìíní. Oorun ọmọ kì í ṣe ohun tá a fi ń ṣòwò. Èmi tí mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé wá sí ọsibítù nítorí àìsùn àti àníyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Bàbá Àrẹ̀mọ, Georgia

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Àkọ́bí mi wà ní ilé ìwé ìṣègùn báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó àti dókítà ni màá sọ.

Òótọ́ ni pé AP lè dín owó kù, torí yunifásítì lè fún ọmọ ní kírẹ́díìtì, ìyẹn ni pé wọ́n á kà á sí iṣẹ́ tó ti ṣe tán, ṣùgbọ́n yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Àwọn kan ń gba 3, àwọn kan ń fẹ́ 4, 5 nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù ń gbà, àwọn mìíràn á ní kò sí kírẹ́díìtì rárá, àwọn á kàn jẹ́ kọ́mọ fo kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ní Texas, òfin ti ọdún 2015 ní kí yunifásítì ìjọba máa fún ọmọ tó bá gba 3 sókè ní kírẹ́díìtì, àyàfi tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé 3 ò tó fún iṣẹ́ náà. Ní ibòmíì kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan máa ń gbé tirẹ̀ sórí ìkànnì, ẹ wo ti mẹ́ta mẹ́rin tí ọmọ yín ń rò.

Fún ọmọ tó fẹ́ ṣe ìṣègùn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìṣègùn ló fẹ́ rí báyọ́lọ́jì tí ọmọ jókòó ṣe ní yunifásítì, pẹ̀lú láàbù rẹ̀. Àwọn kan ò ka AP sí rárá fún ìyẹn, àwọn mìíràn á gbà á bí ọmọ bá ti fi báyọ́lọ́jì tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e lórí. Ọmọ mi gba 5, yunifásítì rẹ̀ sì fún un ní kírẹ́díìtì, àmọ́ ó tún ṣe báyọ́lọ́jì ìbẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Owó tá a rò pé a máa fi pamọ́ níbẹ̀ ò wá. Ohun tó wá ni pé nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá kíjokíjo nínú kíláàsì tó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ, òun mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó gba A, ó sì ráyè fún kẹ́mísírì tó le jù. Èrè rẹ̀ gan-an nìyẹn lójú tèmi. Tí ọkọ yín bá ń tìtorí owó nìkan fọwọ́ sí i, ẹ fi èyí hàn án.

Ará Chicago

Bàbá Àrẹ̀mọ, ẹ ṣeun. Àmọ́ kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò mẹ́nu ba dual enrollment? Ọmọ mi lọ ṣe báyọ́lọ́jì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò nígbà tó ṣì wà ní háískúùlù. Kò sí pé wọ́n ń fi gbogbo iṣẹ́ ọdún kan lé orí ìdánwò ọjọ́ kan. Tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà yege, kírẹ́díìtì ti wà nílẹ̀. Èmi rò pé ó sàn ju AP lọ.

Bàbá Àrẹ̀mọ, Georgia

Ará Chicago, ó dáa fún ọmọ tó fẹ́ lọ sí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gba irú kírẹ́díìtì yẹn láìjanpata. Ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì mọ̀ ni pé máàkì tí ọmọ bá gbà níbẹ̀ ti di máàkì kọ́lẹ́ẹ̀jì títí ayé. Lọ́jọ́ tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù ilé ìwé ìṣègùn lórí AMCAS, wọ́n máa bèèrè gbogbo iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ṣe, títí kan èyí tó ṣe ní háískúùlù, wọ́n sì máa kà á mọ́ GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba gbogbo máàkì rẹ̀. C tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún gbà lè máa tẹ̀ lé e kiri. AP ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ọ́ṣe tó sì dúró ṣinṣin ni kó lọ síbẹ̀.

Ará Chicago

Mi ò mọ ti AMCAS yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣeun, bàbá. Ọmọ tèmi ò lọ sídìí ìṣègùn, nítorí náà kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Àbúrò Ọdún Kejì

Mo kí ẹ̀yin òbí wa lórí ìkúnlẹ̀. Ọdún kejì yunifásítì ni mo wà, kò tíì pẹ́ tí mo ṣe ìdánwò yìí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni mo fẹ́ sọ.

Wákàtí mẹ́ta ni ìdánwò náà. Ìbéèrè 60 tí wọ́n ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ kó o mú ọ̀kan, ìṣẹ́jú 90. Lẹ́yìn náà ìbéèrè mẹ́fà tó o máa fọwọ́ ara rẹ kọ ìdáhùn sí, ìṣẹ́jú 90. Apá méjèèjì ń kó ìdajì ìdajì máàkì. Nínú mẹ́fà yẹn, méjì gùn, máàkì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, mẹ́rin kúrú, máàkì mẹ́rin mẹ́rin. Láti ọdún 2025, orí áàpù Bluebook ni wọ́n ti ń ka ìbéèrè, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dáhùn àwọn 60 yẹn, ṣùgbọ́n inú ìwé pélébé ni ọmọ ti máa fi bírò kọ ìdáhùn àwọn mẹ́fà tó kù. Nítorí náà kó má ṣe tẹ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà jálẹ̀ ọdún. Ọwọ́ tí kò kọ̀wé láti Oṣù Kẹsàn-án á ti rẹ̀ kó tó dé ìbéèrè kẹrin.

Ohun tó ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ jù wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì College Board: ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá, bí wọ́n ṣe pín máàkì rẹ̀, àti ìdáhùn tí àwọn ọmọ kan kọ gan-an pẹ̀lú iye tí wọ́n fún wọn. Kó mú ìbéèrè kan, kó gbé aago síwájú, kó kọ ọ́ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn kó mú ìwé máàkì, kó sì máàkì ara rẹ̀ láìṣojúsàájú. Á rí i pé òun mọ nǹkan náà, ṣùgbọ́n òun ò kọ ọ̀rọ̀ tó ń gba máàkì. Tí wọ́n bá ní "identify", gbólóhùn kan tó, kó sọ ọ́ kó kọjá. Tí wọ́n bá ní "explain", kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá ní "justify", kó mú ẹ̀rí jáde láti inú gíráàfù tàbí tábìlì tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ ojú ewé kan fún "identify" kí wọ́n tó kọ ìlà kan fún "explain".

Àwọn ìlà kéékèèké tó máa ń wà lórí òpó gíráàfù, tí wọ́n ń pè ní error bar, kò yẹ kó fò ó. Tí wọ́n bá sọ pé ó dúró fún standard error (ìwọ̀n bí ìpíndọ́gba náà ṣe lè ṣì) méjì sókè, méjì sísàlẹ̀, tí ìlà òpó méjì sì wọnú ara wọn, kó má sọ pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ, bí ojú tilẹ̀ rí i pé ó ga. Àwọn tó ń ṣe ìbéèrè fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Wọ́n máa fún un ní ìwé fọ́múlà, ó sì lè mú kalikulétọ̀ wọlé. Kó má há fọ́múlà sórí, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kó má sì fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófìfo, nítorí láti ọdún 2011 wọn kì í yọ máàkì fún ẹni tó bá ṣì í mú. Khan Academy ní ẹ̀kọ́ AP Biology lọ́fẹ̀ẹ́, AP Classroom, ìkànnì College Board fún kíláàsì, sì ní fídíò kúkurú àti ìbéèrè lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan, tíṣà ló máa ń ṣí ìyẹn fún wọn. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sanwó lẹ́sìnnì kẹ́ ẹ tó mọ ibi tó kù sí.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin tí ò mọ̀ mí rí, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́, Ọlọ́run á gbé ẹ ga. Mo ti pe ilé ìwé, wọ́n ní láàbù wà, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìbéèrè mi tó kù: ṣé ohun kan wà tí èmi tí mo jáde WAEC lè máa bá a ṣe nílé? Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé iṣẹ́ yìí ti kọjá mi pátápátá.

Tíṣà Láàbù, Texas

Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pọ̀, Ìyá Ìbejì. Ẹ mọ jẹnotáìpù. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níbí, púpọ̀ nínú wọn ò gbọ́ AS àti SS rí kí wọ́n tó wọ kíláàsì mi. Ọmọ tiwa ti gbọ́ ọ nílé, ó mọ pé wọ́n máa ń bi tọkọtìyàwó kí wọ́n tó fẹ́ra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí sickle cell nìkan la orí mẹ́rin kọjá nínú iṣẹ́ yìí.

Nínú jíìnì tó ń ṣe apá kan hemoglobin, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà: GAG di GTG. Orí kẹfà nìyẹn. Nítorí lẹ́tà kan yẹn, amino acid kẹfà, tó yẹ kó jẹ́ glutamic acid, di valine. Glutamic acid fẹ́ràn omi, valine ń sá fún un, ni hemoglobin bá ń lẹ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ oxygen bá dín kù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á sì tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé. Orí kìíní nìyẹn. Ọkọ AS, ìyàwó AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ẹ jẹ́ kó yé e pé oyún kọ̀ọ̀kan ni. Kì í ṣe pé tí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn tó kù ti bọ́. Orí karùn-ún nìyẹn. Kí ló wá dé tí jíìnì tó ń ṣe irú èyí kò parẹ́ láàárín wa? Torí pé ẹni tó jẹ́ AS, ibà kì í sábà pa á bó ṣe ń pa ẹni tó jẹ́ AA. Anthony Allison gbé ìwádìí rẹ̀ lórí èyí jáde ní 1954, láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, AS ń yè, ó ń bímọ, jíìnì náà sì ń bá ìran lọ. Orí keje nìyẹn, tó ń kó máàkì jù.

Ìṣirò Hardy-Weinberg tó ń dẹ́rù bà wọ́n náà, tá a fi ń ṣírò iye AA, AS àti SS láàárín ìlú, ẹ fi èyí kọ́ ọ: p ni ìdá tí jíìnì A jẹ́, q ni ìdá tí jíìnì S jẹ́, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 1. Ká ní nínú 10,000 ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú kan, 100 jẹ́ SS (mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni). 100 nínú 10,000 jẹ́ 0.01, ìyẹn ni q². Nítorí náà q jẹ́ 0.1, p sì jẹ́ 0.9. AS ni 2pq: ẹ sọ 2 di ìlọ́po 0.9, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 0.1, ó jẹ́ 0.18. Ọmọ 1,800 ló jẹ́ AS, 8,100 sì jẹ́ AA. Lẹ́yìn náà ẹ bi í pé: tí ibà bá kúrò nílùú náà pátápátá, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí q lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìran, kí sì nìdí? Tó bá ti ń ṣàlàyé ìyẹn fún yín ní kíṣìnì, ó ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́ nínú ìdánwò.

Mo tún máa ń sọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó bá wà ní kíláàsì mi pé nígbà tí wọ́n dá International HapMap Project sílẹ̀ ní 2002 láti mọ bí DNA ọmọ ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn: 90 ènìyàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ilé 30. YRI ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ìwé. Títí dòní, ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí jíìnì káàkiri ayé ń lo iṣẹ́ tó ti ara wọn jáde. Ẹ sọ fún ọmọ yín. Mo ti rí ọmọ tó tìtorí ẹ̀ gbé àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú.

Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, New Jersey

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an, màá fi èyí ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ìyá Ìbejì, ẹ má gbàgbé o: Oṣù Karùn-ún ni ìdánwò, ṣùgbọ́n Oṣù Kọkànlá ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún un. Pé ọmọ wà nínú kíláàsì ò túmọ̀ sí pé orúkọ rẹ̀ ti wọlé. Dọ́là 99 ni ní 2025, tẹ́ ẹ bá pẹ́, wọ́n á fi 40 kún un. Tí owó tó ń wọlé fún ìdílé bá kéré, wọ́n máa ń dín in kù, àwọn ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ ń san ìyókù. Ẹ bi olùgbaninímọ̀ràn ilé ìwé, ẹ má tijú.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. A ti jókòó sọ ọ́ nílé: AP Biology nìkan ló máa mú lọ́dún yìí, á ṣì máa sáré, á ṣì máa kọrin. Ó ku ọ̀kan péré, tíṣà. Tí èsì bá wá jáde tí kò dáa, ṣé gbogbo yunifásítì ló máa rí i?

Tíṣà Láàbù, Texas

Rárá o. College Board kì í fi èsì ránṣẹ́ àyàfi tí ọmọ bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Nígbà tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé òun ló máa yan èyí tó bá fẹ́ kọ síbẹ̀. Ohun kan lẹ máa ṣọ́: wọ́n máa ń fún ọmọ láǹfààní láti fi èsì ránṣẹ́ sí yunifásítì kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yàn án títí ogúnjọ́ Oṣù Kẹfà, kí èsì tó jáde. Ọmọ kíláàsì kọkànlá ò nílò rẹ̀, kó fi sílẹ̀ ní tirẹ̀. Máàkì tí mo bá fún un ní kíláàsì láti Oṣù Kẹjọ dé ìparí ọdún nìyẹn tí kò ṣeé fi pamọ́, torí ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwé, ó sì wà lára ohun tí àwọn yunifásítì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.